Bí ẹ ó ṣe yẹ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yín wò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ló ń ba ìwé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ni: "s" kan tó yẹ kó wà tí kò sí, "ed" tí a gbàgbé, kọ́mà tó jókòó síbi tó yẹ kí fúlísítọ́ọ̀pù wà, lẹ́tà kékeré níbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Àpílíkéṣọ̀n, CV, ìwé ìpè ìgbéyàwó, bánnà, prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó gbé ìwé wá sábà máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka ìwé náà ní ọ́fíìsì kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé yẹn nìkan ló ní lọ́wọ́ láti fi díwọ̀n rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n bá pàdánù iṣẹ́ nítorí ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè tún ṣe.

Ìdí tí a fi ń ṣe irú àṣìṣe yìí kò fara sin. Yorùbá kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí. "Lọ" ni "lọ", ì báà jẹ́ èmi ni mo lọ tàbí ìwọ lo lọ, ì báà jẹ́ àná tàbí ojoojúmọ́. "Ìwé" ni "ìwé", ì báà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ogún. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù fún wa. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, ara ọ̀rọ̀ gan-an ló ń fi àmì sí. Nítorí náà, tí àmì yẹn bá sọnù, etí wa kì í fura. Ojú la gbọ́dọ̀ fi wá a.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ kọ ìwé yín tán pátápátá, ẹ má dúró tún nǹkan kan ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ sì máa wá ohun kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ. Lẹ́yìn náà ni ibi tí gbólóhùn parí sí, kí ẹ tó wá kan lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá ń wá gbogbo rẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ni yóò rí.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé a lè fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì kó yéni. Ilé-Ifẹ̀ níbí la ti rí ìdáhùn sí ìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní St. Stephen's 'A' Primary School ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èsì wọn wé ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tètè yí sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ elédè Yorùbá kò kẹ́yìn rárá, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ohun tó bá yé èèyàn ní èdè ìyá rẹ̀ kì í tètè ṣí lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra WAEC sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti yín. Máàkì 50 ni wọ́n fi ń díwọ̀n àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí ẹ ṣe tò ó, 20 fún bí ẹ ṣe lo èdè, 10 tó kù fún àìṣàṣìṣe nínú gírámà, àmì àti sípẹ́lì. Nínú 10 ìkẹyìn yẹn, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20 péré ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìwé kan tí a jọ tún ṣe

Ọmọbìnrin kan láti Modákẹ́kẹ́ gbé àpílíkéṣọ̀n wá sọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ ṣe alásè ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Bírò ló fi kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ó gbà kí n máa lò ó fún ẹlòmíràn:

"i am writing to apply for the post of a Cook in your School, my Aunty they told me about it. They have work there since 2019 and they says you needs somebody. I did not finished my Catering course but I can cooks for plenty Children. I will be glad if you can tell me when to come?"

Ẹ má ṣe wo ìwé yìí tìkà-tẹ̀gbin. Ohun tó fẹ́ sọ wà níbẹ̀, ó sì tò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni a kọ́kọ́ mú.

Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló ṣe é, ìgbà wo ló sì ṣe é? Tó bá jẹ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, tí olùwà rẹ̀, ìyẹn ẹni tàbí nǹkan tó ṣe é, sì jẹ́ ẹnì kan tàbí nǹkan kan tí kì í ṣe "I" tàbí "you", "s" gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀: "she works", "my father sells cocoa", "the school opens at eight". Tí olùwà bá pọ̀, "s" kúrò: "they work", "my parents sell cocoa". Èyí máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, nítorí "s" tó wà lára ọ̀rọ̀-orúkọ ń sọ pé nǹkan pọ̀, nígbà tí "s" tó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ pé ẹyọ kan ni. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀. "The boy runs", "the boys run." Tí ọ̀kan bá ti gbà á, ìkejì kì í sábà gbà á. "You needs" kò sí níbì kankan, torí "you" kì í gba "s" yìí láéláé.

Ẹ ṣọ́ra fún "everybody", "each" àti "one of". Wọ́n jọ ohun tó pọ̀, àmọ́ ẹyọ ni Gẹ̀ẹ́sì kà wọ́n sí. "Everybody has a phone." "One of my teachers lives in Ilesa." Nínú gbólóhùn kejì yẹn, "one" ni olùwà, "teachers" kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ yí padà. Púpọ̀ nínú wọn ń gba "ed": "cooked", "walked", "finished". Àwọn kan wà tí kò ní òfin, àfi ká há wọn sórí: "go" di "went", "buy" di "bought", "teach" di "taught", "write" di "wrote". Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, tí mo ń rí lójoojúmọ́ ayé: tí "did" bá ti wà níbẹ̀, "did" ti gbé àná dání, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ tún gbé e. "I did not finish." "She did not go." Kò sí "did not finished", kò sí "did not went". Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé "can", "will", "must" àti "should" náà gbọ́dọ̀ wà lásán láìsí nǹkan kan nídìí rẹ̀: "I can cook." Ní ti "have" àti "has", ìrísí kẹta ló ń tẹ̀ lé wọn, "has worked", "has gone", "has written". Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 tí kò tíì parí, "has worked since 2019" ló bá a mu.

Nígbà tí a débi "my Aunty they", mo bi í pé, "Àǹtí mélòó ló sọ fún ẹ?"

"Ẹyọ kan ni, mà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni."

"Kí ló dé tó fi di 'they'?"

"Mà, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa pè wọ́n ní 'she'?"

Mo fẹ́ràn ìdáhùn rẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Àìmọye èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, torí ẹnu ò gbà á láti pe àgbà ní ẹyọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹni tó bá ka "they" níbẹ̀ yóò máa wá àwọn èèyàn yòókù kiri inú ìwé. Bàbá yín, "he". Ìyá yín, "she". Ọ̀ọ̀ni pàápàá, "he" ni. Kò sí àrífín kankan nínú ẹ̀. Inú "Dear Sir", "please", "I would be glad" àti "Yours faithfully" ni ọ̀wọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Nígbà tí ẹ bá tún ń ka ìwé yín, ẹ mú ìka lé "he", "she", "they" kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ́ka sí ẹni tó ń bá wí. "Ó" wa kò fi ọkùnrin hàn yàtọ̀ sí obìnrin, ìdí nìyẹn tí ìyá ẹlòmíràn fi ń di "he" lójú ìwé kejì.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi "s" sí i, yàtọ̀ sí "children", "men", "women" àti àwọn bíi tiwọn. Ẹ má fi "s" sí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kà: "furniture", "equipment", "luggage", "information", "advice". Bánnà "Furnitures" pọ̀ ní ìgboro ju èyí tó tọ́ lọ. Bánnà tí ẹ fi owó gidi ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tọ́. Ní ti "a" àti "an", ìró ni kí ẹ gbọ́, ẹ má wo lẹ́tà. "A university", torí ìró "yu" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "An OAU student", torí "O" la kọ́kọ́ pè. "An hour", "an NYSC certificate", àmọ́ "a WAEC certificate".

Ibi tí gbólóhùn parí sí

Yorùbá lè to ìṣe mẹ́rin tẹ̀léra láìsí ohunkóhun láàárín wọn, kó sì dùn létí: ó dìde ó múra ó jáde ó lọ. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn á gùn bí ọ̀nà Iléṣà, kọ́mà nìkan láá sì máa fi mí. Ẹ dán an wò báyìí: níbi tí ẹ bá ti rí kọ́mà, ẹ ka ohun tó wà ṣáájú rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí méjèèjì bá lè dá dúró, kọ́mà nìkan kò tó. Ẹ fi fúlísítọ́ọ̀pù síbẹ̀, tàbí kí ẹ fi "and", "but" tàbí "so" tẹ̀ lé kọ́mà náà. "I am writing to apply for the post of cook in your school, my aunt told me about it": gbólóhùn méjì ni. Ẹ gé e.

Kọ́mà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń ya nǹkan sọ́tọ̀ nínú àkójọ: "rice, beans, yam and fish". Ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gbólóhùn gan-an: "When I left school, I learnt tailoring." Ó ń ya ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: "Good morning, sir." Ẹ má fi sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ láéláé, kódà tí olùwà náà bá gùn tí èémí yín sì fẹ́ dúró: "The goods in this shop are not for sale" kò fẹ́ kọ́mà kankan.

Àmì ìbéèrè, ìbéèrè gan-an ló ń gbà á. "When should I come?" gbà á. "I would be glad if you could tell me when to come" kò gbà á, torí ẹ̀bẹ̀ ni. Àmì ìyanu, ẹ fi sílẹ̀ fún WhatsApp. Kí àyè má ṣe wà ṣáájú kọ́mà tàbí fúlísítọ́ọ̀pù, kí ó wà lẹ́yìn wọn.

Àpọ́sítírófì ni àmì kékeré tó ń rọ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó ni nǹkan ló ń fi hàn, olóhun ló sì máa ń ṣáájú: ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, "my brother's shop". Tí àwọn olóhun bá pọ̀, tí wọ́n sì ti ní "s", àmì náà á bọ́ sẹ́yìn "s": "Students' Union", torí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ó tún ń dúró fún lẹ́tà tí a yọ: "don't", "it's". "It's" ni "it is". "Its" ni tirẹ̀, kò sì gba àmì. Ẹ má fi àmì yìí sọ nǹkan di púpọ̀. "Phone's repaired here" kò dára, "Phones repaired here" ló tọ́.

Lẹ́tà ńlá

Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, àti "I" níbikíbi tó bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ́ra láti kọ "i" lórí fóònù, ọwọ́ yín yóò gbé e wọ inú àpílíkéṣọ̀n, ẹ máa ṣọ́ ọ. Orúkọ èèyàn, ìlú, òkè, odò. Ọjọ́ àti oṣù: "Monday", "March". Ṣùgbọ́n "harmattan" àti "rainy season", lẹ́tà kékeré. Èdè àti ẹ̀yà: "Yoruba", "English", "Ijesa". Èyí ló fi jẹ́ pé nínú orúkọ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, "English" gba ńlá, "mathematics" àti "biology" kò gbà á.

Ibi tó ń ṣòro ni orúkọ ilé iṣẹ́ àti oyè. Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni ẹ kọ, lẹ́tà ńlá. Tó bá jẹ́ irú ohun tó jẹ́ ni ẹ sọ, lẹ́tà kékeré. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "The University of Ife was founded in 1961, and in 1987 the university was renamed Obafemi Awolowo University." "University" àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn wà nínú orúkọ. Ti àárín kàn ń sọ irú ibi tó jẹ́ ni. Ẹ tún rí i pé "of" kéré nínú orúkọ. Bákan náà ni "Professor Fafunwa" àti "a professor", "the Ooni of Ife" àti "the king", "Osun State" àti "the state government". Tẹbí pẹ̀lú: "my aunt", "my mother" kéré, àmọ́ tí ẹ bá fi ṣe orúkọ, ó tóbi: "Good morning, Aunty."

Ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: ohun tó bá ṣe pàtàkì sí wọn, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá bu iyì fún un. "Cook", "School", "Children". Iyì kò sí níbẹ̀. Ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ìwé látòkè délẹ̀, ojú kì í lè kà á dáadáa.

Bí ìwé náà ṣe rí nígbà tí a parí rẹ̀ nìyí:

"I am writing to apply for the post of cook in your school. My aunt told me about it. She has worked there since 2019, and she says you need somebody. I did not finish my catering course, but I can cook for many children. I would be glad if you could tell me when to come."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ ńlá kankan kún un. Ohun tó sọ náà la sọ. Mo ní kó fi gbólóhùn kan sí i nípa ibi tó ti dáná rí, ó sì fi sí i.

Bí a ṣe ń tò ó: àdírẹ́sì yín lókè lápá ọ̀tún, déètì lábẹ́ rẹ̀, "12 March 2024" tàbí "12th March, 2024", èyí tó bá wù yín, kó ṣáà jẹ́ irú kan náà jálẹ̀. Àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí wà lápá òsì. "Dear Sir," tàbí "Dear Madam," tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àkọlé ní lẹ́tà ńlá láìsí fúlísítọ́ọ̀pù: "APPLICATION FOR THE POST OF COOK". Tí ẹ bá fi "Dear Sir" bẹ̀rẹ̀, "Yours faithfully," lẹ máa fi parí. Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ fi kí i, "Yours sincerely,". "Y" nìkan ló tóbi nínú méjèèjì, kò sì sí àpọ́sítírófì nínú "Yours".

Ẹ má fi gbogbo ọkàn tán fóònù tó ń tún sípẹ́lì ṣe. Ó máa ń sọ "Ife" di "Life", kò sì ní sọ fún yín pé "she" ló yẹ kí "he" jẹ́. Tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kà á lójú kọ̀ǹpútà kó tó jáde sórí pépà, torí owó míì ni àtúntẹ̀. Orúkọ yín, déètì àti nọ́ńbà fóònù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gírámà, mo lè bá yín rí i. Àmọ́ tí nọ́ńbà kan bá yí padà, mi ò ní ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀.